Ẹ Bá Mi Gba Tábìlì Mi

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Oṣù kẹta rèé tí n kò jẹun lórí tábìlì ara mi. Tábìlì tí mo fi owó bánà ìsìnkú mẹ́fà rà lọ́wọ́ káfíńtà ní Ìlọrà, igi gidi, pẹ̀lú àga mẹ́rin, òun ni wọ́n sọ di ojú òfuurufú. Orí àpótí ni mo ti ń jẹ àmàlà nínú ilé mi, abọ́ lórí orúnkún, bí àlejò tí wọn ò retí. Bí mo bá ní kí n kàn gbé ọbẹ̀ lé etí tábìlì, ohùn mẹ́rin ni yóò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Dádì Fìdítì, ẹ rọra o! Ẹ máa da epo sí yàrá ẹ́ńjìnnì!"

Yàrá ẹ́ńjìnnì! Jẹnẹrétọ̀ tèmi fúnra rẹ̀ kò ní yàrá. Ìta ló ń sùn, ṣéènì ní ọrùn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kó bá mi. Ìlọrà ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì gùn lé ìyanṣẹ́lódì, ìyá rẹ̀ ní kí ọmọ má jókòó lásán, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù kó kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ bánà ni mò ń ṣe ní Fìdítì, lẹ́bàá ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn ìyá wa máa ń pàtẹ ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí de èrò ọkọ̀. Mo máa ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, n óò gbé fáìlì wọkọ̀ lọ sí Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, wọn óò bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí flex. Ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó, ìwúyè, ìdìbò, kò sí èyí tí n kì í ṣe. Àmọ́ òkú ló ń bọ́ mi. Kò sí arúgbó tó kú ní agbègbè wa láàárín ọdún mẹ́wàá yìí tí n kò fi àwọsánmà sí lẹ́yìn. Ẹ ò wá rí i pé tó bá jẹ́ ti ká ya ojú ọ̀run ni, n kì í ṣe òpè.

Ọmọ náà dé tòun ti báàgì kan. Kò tíì mu omi tó fi bi mí bóyá a ní lúdò nílé. Inú mi dùn. Mo ní ọmọ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà ṣeré. Mo gbé lúdò jáde, mo ti ń fa àga sún mọ́ ọn. Ó ṣí i, ó yọ dáìsì méjèèjì, ó dá ọpọ́n padà fún mi. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Eléyìí nìkan la nílò."

Ọjọ́ náà ni lúdò mi ti yarọ.

Mo ní kó ṣàlàyé irú eré tí wọn kì í fi ọpọ́n ta. Ó ní ẹnì kan ni yóò ṣe ọ̀gá eré, òun ni yóò máa sọ ibi tí ẹ dé àti ohun tí ẹ bá níbẹ̀. Àwọn yòókù á máa sọ ohun tí àwọn fẹ́ ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe. Mo ní, "Àlọ́ lẹ̀ ń pa." Ó ní, "Àlọ́ ni sà, ṣùgbọ́n nínú tiwa, ìjàpá lè ní òun ò lọ." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi díẹ̀, n ò jẹ́ kó hàn lójú mi.

Ó ní ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ta irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọwọ́ Gary Gygax àti Dave Arneson, Dungeons & Dragons lorúkọ rẹ̀; idà àti àǹjọ̀nú ló kún inú ẹ̀. Ní 1977, Marc Miller gbé tirẹ̀ jáde, ó pè é ní Traveller, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sójú òfuurufú: ọkọ̀ tó ń ti ìràwọ̀ kan lọ sí òmíràn, bí ọkọ̀ akérò ṣe ń ti Mọ́níyà lọ sí Ọ̀yọ́. Èyí tí wọ́n ń ta nìyẹn. Dáìsì méjì lásán ló ń lò, irú ti lúdò. Ó ti ka ìwé rẹ̀ tán lórí fóònù. Ìwé tó yẹ kó máa kà ní yunifásítì ńkọ́? N ò bi í, torí ìyá rẹ̀ ni yóò dáhùn, ohùn ìyá rẹ̀ sì lágbára.

Ọjọ́ kejì ló lọ kó ọmọkùnrin mẹ́ta wá, ọmọ àdúgbò. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kálukú ní láti kọ ìtàn ayé ara rẹ̀: iṣẹ́ tó ṣe, ọdún tó lò níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń kà á, nínú ọdún mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ẹ óò ju dáìsì wò bóyá ẹ ṣì wà láyé. Ọ̀kan nínú wọn wọ iṣẹ́ amí ojú òfuurufú, ó sì gbọ́dọ̀ ju 7 ó kéré tán. Ó ju 6. Ó kú. Eré ò tíì bẹ̀rẹ̀ o! Ọmọ náà jókòó, ó káwọ́ gbera, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo pa á. Ìyàwó mi tó ń gbé omi kọjá ní, "Kí ló ṣe é?" Wọ́n ní ó ti kú. Ó ní, "Kó tó kú, ṣé ó ti fọ abọ́ tó fi jẹun?"

Wọ́n jẹ́ kó tún ayé wá. Ó padà wá ní dókítà.

Ẹ jẹ́ n dé orí ohun tó gbé mi wá sójú pépà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọkọ̀ kan. Ẹni tí ń wà á, ẹni tó mójú tó ẹ́ńjìnnì, dókítà, àti ẹni tí ń tọ́jú èrò. Ọ̀gá eré ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, òun náà ló ń bá wọn tọ́jú èrò. Ó ní bí olè bá wọ ọkọ̀, tí ìbọn bá ń dún, ẹnu kò tó. Ẹ ní láti rí ibi tí kálukú dúró sí. Nítorí náà wọ́n nílò àwòrán inú ọkọ̀, ògiri, ilẹ̀kùn, ibi ìsùn, gbogbo rẹ̀ ní àpótí kéékèèké bíi ti ìwé ìṣirò, kí wọ́n lè máa sún ènìyàn láti àpótí kan bọ́ sí ìkejì. Wọ́n ń tà á lókè òkun, lórí pépà, lórí rọ́bà tó ṣeé nù. Ó wò mí. Ó wo bánà ìyá àgbà kan tó rọ̀ sẹ́yìn mi. Ó ní, "Dádì, flex náà rọ́bà ni àbí?"

Ibẹ̀ ni mo ti gbẹ́ kòtò fún ara mi. Àgbà tó lẹ́nu ìṣògo ni mí. Mo ní kò sí ohun tó wà lókè òkun tí a kò lè tẹ̀ ní Mọ́kọ́lá.

Ó kó ìwọ̀n wá. Ọkọ̀ náà jẹ́ 200 tọ́ọ̀nù. Tọ́ọ̀nù tí èmi mọ̀, ìwúwo ni. Ẹ gbé ọsàn sórí ìwọ̀n, ó wúwo, ó tán. Tiwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n àyè ni tọ́ọ̀nù tiwọn, iye àyè tí tọ́ọ̀nù kan haidirójìn olómi yóò gbà, ó tó kúbíkì mítà 14. Àpótí kan lórí àwòrán dúró fún mítà 1.5, àpótí méjì ló sì jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Ọkọ̀ 200 tọ́ọ̀nù wá di àpótí 400. Àpótí 164 nínú rẹ̀, ẹrù ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Yàrá ìsùn mẹ́wàá. Pósí ogún tí wọ́n ń gbé èrò tí kò lówó sùn sí bí ẹja dídì. Mo yà á tán ní ọjọ́ méjì, mo fi ìràwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìgba owó, torí ó mọ́ mi lọ́wọ́. Àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì kan.

Mo gbé e dé láti Ìbàdàn. Mo tẹ́ ẹ. Ó tàn yòò. Wọ́n kó ènìyàn wọn jáde láti fi dúró lórí rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń lò? Ìdérí ìgò mínírà! Ti Fanta fún awakọ̀, ti Sprite fún dókítà, ti Coca-Cola fún àwọn olè.

Ẹni tó bá ní rúlà nílé, kó wọn ìdérí mínírà wò. Ó fẹ̀ ju ínǹṣì kan lọ. Ínǹṣì kan ò ju mìlímítà 25 àti díẹ̀ lọ. Ẹ ti rí ibi tí wàhálà wà. Ìdérí kò gba inú àpótí. Eyín rẹ̀ yọ síta yíká bí ẹnu ọ̀pọ̀lọ́. Bí ẹnì méjì bá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan á gun èkejì. Dókítà dúró sí yàrá rẹ̀, orí rẹ̀ wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti awakọ̀: eyín Fanta rẹ̀ mẹ́ta kọjá ògiri ọkọ̀ bọ́ síta, síbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Ọ̀gá eré ní kò wà nínú ọkọ̀ mọ́, ó ti kú. Awakọ̀ ní ara òun wà nínú ilé, eyín òun nìkan ló yọjú. Wọ́n fi wákàtí méjì jà á. Wọ́n jà á títí iná fi lọ, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, wọ́n tún ń jà á. Wọ́n ní kí n wá dá ẹjọ́, èmi tí mo ti sùn.

Mo ní kí wọ́n lo ọmọ ayò. Ayò ni eré tí mo mọ̀: ojú méjìlá, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin, bí ẹ kò bá ní ọpọ́n ẹ gbẹ́ ihò sílẹ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, òta ń bú òpè, ayé ń lọ. Ọmọ ayò kéré, yóò wọ àpótí. Wọ́n ní gbogbo ọmọ ayò ló jọra, àwọn ò ní mọ ẹni tó jẹ́ dókítà. Mo ní kí wọ́n kùn ún. Ìyàwó mi ní ẹni tó bá fi ọ̀dà kan ọmọ ayò bàbá òun, kó múra sílẹ̀ láti jẹ ẹ́.

Ló bá di pé ká tún ọkọ̀ tẹ̀. Wọ́n ní kí àpótí di ínǹṣì kan àtààbọ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní kí ló wà nínú ààbọ̀ ínǹṣì. Ẹ bi ẹni tí ń san owó flex! Àpótí 400 ní ínǹṣì kan, bí a bá tò ó jọ, ó jẹ́ 20 ní 20, kò pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta níbùú lóròó tí wọn óò ṣírò fún mi. Ní ínǹṣì kan àtààbọ̀, ó di 30 ní 30, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti díẹ̀. Ààbọ̀ ínǹṣì sọ owó di ìlọ́po méjì ó lé. Oníbàárà tó bá fẹ́ kí n fi ààbọ̀ kún ìyá òun, mo máa ń gba owó kí n tó dìde. Ti àwọn wọ̀nyí, mo wọkọ̀ lọ sí Mọ́kọ́lá, mo san án lápò ara mi. Ọ̀gá tí ń bá mi tẹ̀ ẹ́ wo àwòrán náà pẹ́, ó ní, "Ilé ta ni wọ́n fẹ́ kọ́ yìí? Kò ní fèrèsé."

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà fi ọkọ̀ mìíràn hàn mí lórí fóònù. Azhanti High Lightning lorúkọ rẹ̀, inú páálí ni wọ́n ti tà á ní 1980, ọkọ̀ ogun ni, 60,000 tọ́ọ̀nù. Ó ní kí n kàn ṣírò rẹ̀ wò. Mo ṣírò rẹ̀. Àpótí 120,000. Ní ínǹṣì kan péré, 833 ẹsẹ̀ bàtà. Bánà olóṣèlú tó tóbi jù tí mo ṣe rí, 10 ní 20 ni, ìyẹn 200. Ọkọ̀ yìí ju bánà olóṣèlú mẹ́rin lọ, olóṣèlú kan ṣoṣo kò sì gba pálọ̀ mi. Mo ní kó lọ bá wọn l'Ábújá, ṣebí òun náà ló sọ fún mi pé Kenechukwu Ogbuagu kan wà níbẹ̀ tó dá ilé iṣẹ́ NIBCARD sílẹ̀, tí ń ṣe eré orí tábìlì jáde fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n lọ lo tábìlì tirẹ̀.

Ó fẹ́ fi ìwúrí mú mi. Ó ní Nàìjíríà náà ní nǹkan lójú òfuurufú, pé 27 oṣù kẹsàn-án 2003 ni wọ́n ti Rọ́ṣíà gbé NigeriaSat-1 lọ sókè. Mo ní mo gbọ́. Mo tún gbọ́ ti NigComSat-1, èyí tí wọ́n ti Ṣáínà gbé lọ ní 2007, tí ohun èlò tó ń gba iná oòrùn fún un bàjẹ́, tó kú ní 2008, tó di 2011 kí wọ́n tó rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Àní iná lọ lójú òfuurufú! Ẹ ń sọ̀rọ̀ Fìdítì.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí n ò bá fara mọ́ ọn, àfi ti gbèsè.

Mo jẹ gbèsè ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ ló yá mi lówó tí mo fi ra kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, oṣooṣù ni mò ń san án, bí oṣù bá sì ti ń parí ni àyà mi ń já. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti sanwó tán, tí ó ku owó gààrí lọ́wọ́ mi, mo délé kí n lè sinmi. Mo bá ọmọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n káwọ́ lérí. Mo rò pé ẹnì kan kú. Wọ́n ní owó ọkọ̀ ni.

Owó ọkọ̀ wo?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Ọkọ̀ tí kò sí, gbèsè ni wọ́n fi rà á. Kírẹ́díìtì ni wọ́n ń pe owó wọn. Ọkọ̀ náà jẹ́ 37,080,000. Oṣooṣù ni wọ́n ń san ìdá kan nínú 240 rẹ̀, ìyẹn 154,500, fún oṣù 480. Ogójì ọdún! Mo ṣírò rẹ̀, lápapọ̀ wọn óò san 74,160,000, owó ọkọ̀ méjì gbáko. Bí wọn kò bá san, wọn óò wá gba ọkọ̀. Nínú eré o! Eré tí ènìyàn ń ṣe kó lè gbàgbé ayé, wọ́n gbé ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ síbẹ̀. Marc Miller, ẹni tí kò ṣe mí ní nǹkan kan rí, kí ló dé tó fi jẹ́ pé nínú gbogbo ohun tó wà láyé, gbèsè ló rántí kó sínú ọkọ̀?

Mo bínú débi pé mo jókòó. Àṣìṣe mi nìyẹn. Mo ní, "Ẹrù wo lẹ kó?" Wọ́n ní kò sí. Àyè ẹrù 82 tọ́ọ̀nù, òfìfo! Mo ní, "Ẹ̀ ń sun epo lórí òfìfo?" Epo 20 tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń jó bí wọ́n bá fo ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni fífò náà sì ń gbà. Mo ní kí wọ́n kó èrò. Wọ́n ní àwọn kó méjì, nínú pósí tútù, 1,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ní àwọn yẹn ńkọ́? Wọ́n ní ọ̀kan ò jí. Wọ́n ní èrò ibẹ̀ tiẹ̀ máa ń ta tẹ́tẹ́ lórí iye ẹni tí yóò jí, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo wo àwọn ọmọ yìí, ọmọ ìjọ ni wọ́n, mo mọ àwọn ìyá wọn.

Mo ní kí wọ́n kó ọsàn. Ibi tí a wà yìí, ọsàn ni. Ìlú tí wọ́n ń lọ, ìlú awakùsà ni, kò sí igi kan níbẹ̀. Ẹ kó ọsàn kún àpótí 164, ẹ gba owó ọ̀nà lọ́wọ́ èrò gidi mẹ́fà, ẹni tó ní ibùsùn, tó lè jí. Mo mú ìwé ìṣirò ṣọ́ọ̀bù, mo fa ìlà. Nígbà tí ìyàwó mi jáde ní aago mọ́kànlá òru, ó bá mi níbi tí mo ti ń bá oníbodè tí kò sí níbì kankan dúnàádúrà owó ẹrù, ohùn mi lókè. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn pa iná yàrá.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi mí ṣe akápò ọkọ̀. Owó oṣù mi, 0. Mo sì ti bá wọn san oṣù mọ́kànlá nínú 480, ọwọ́ mi mọ́. Tèmi gangan ní ẹgbẹ́, mo jẹ wọ́n ní oṣù méjì.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, àwọn ọmọ dé fún eré, ọkọ̀ ò sí lórí tábìlì. Wọ́n wá yàrá, wọ́n wá ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìnkùlé ni a ti rí i. Ìyàwó mi tẹ́ ẹ sínú oòrùn, pẹ̀lú èyí àkọ́kọ́ tí kò bá ìdérí mu, ó sá gbodo sórí méjèèjì. Gbodo kún yàrá ẹ́ńjìnnì, ó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kún gbogbo pósí ogún. Adìyẹ kan dúró sí ibi tí awakọ̀ máa ń jókòó, ó ń ṣá iṣu jẹ. Mo pariwo. Ìyàwó mi ní, "Ẹ ti ń kígbe láti oṣù yìí pé ọkọ̀ yín ò rí ẹrù kó. Ó ti rí."

Wọ́n dúró de ọ̀la kí gbodo lè gbẹ. Dókítà lọ lé adìyẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlọrà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn olùkọ́ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ wá mú ọmọ yín. Flex ìgbà méjì, owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ Ìbàdàn ìgbà méjì, dáìsì lúdò tí ọ̀kan ti sọnù, ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ni gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún ọmọ náà, ó kọ ọ́ sórí pépà fún mi, ó buwọ́ lù ú: kírẹ́díìtì 12,000, kí akápò yọ ọ́ nínú owó ọsàn. Náírà ni mo fẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí ó wọlé kí òpin oṣù tó pé, torí ẹgbẹ́ ń dúró dè mí, ti ọkọ̀ náà sì ń bọ̀.